Ọjọ́ Tí Ẹ̀rọ Alága Fọhùn

Sírénì ló kọ́kọ́ wọlé. Lẹ́yìn rẹ̀ ni jíípù dúdú kan yọ, ó ń rọra gba orí kòtò kọjá bí ẹni tó wọ bàtà tuntun, ó sì dúró síwájú ṣẹ́ẹ̀dì gàrí tó wà lẹ́yìn ojú irin réluwéè ní Agége. Ọ́fíìsì alága kò jìnnà síbẹ̀ rárá. Bí ènìyàn bá dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣẹ́ẹ̀dì náà, yóò rí fèrèsé ọ́fíìsì, yóò tún rí aṣọ ìnujú tí wọ́n sá sójú fèrèsé. Síbẹ̀, jíípù ni, sírénì ni, ọlọ́pàá kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn.

Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀. Tàjúdéènì lorúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni Olùrànlọ́wọ́ Pàtàkì fún Alága lórí Ọ̀rọ̀ Ìpàtẹ́wọ́. Ẹ má rò pé mo ń ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní ọ́fíìsì. Ó ní àga tó ń yí. Ó ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó sì kígbe pé:

"Gbogbo ẹni tó wà níjòókòó, ẹ dìde! Olóyè, Ẹnjinía, Dókítà, Àlàájì, Jéèpíì Olúgbénró Adésànyà, alága Ìjọba Ìdàgbàsókè Ìbílẹ̀ Ẹ̀yìn-Réluwéè, ti dé!"

Kò sẹ́ni tó wà níjòókòó. Láti ìdájí ni àwọn obìnrin náà ti wà lórí ìdúró, ọ̀bẹ lọ́wọ́ ọ̀tún, ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́ òsì. Ní ti àwọn oyè yẹn, alága ti lọ Mẹ́kà, ó ti lọ Jerúsálẹ́mù, nítorí kò mọ apá ibi tí ìbò yóò ti pọ̀ jù. Ní ti Ẹnjinía, ó ti yí gílóòbù iná nílé rí.

Nígbà náà ni alága sọ̀kalẹ̀. Agbádá lẹ́ẹ̀sì funfun ló wọ̀. Ó kó apá ọ̀tún sí èjìká, ó kó tòsì, tọ̀tún já bọ́, ó tún un kó. Awò dúdú wà lójú rẹ̀, àmì kékeré tí wọ́n fi ń ta awò náà lọ́jà sì ṣì lẹ̀ mọ́ ọn nígun kan. Tàjúdéènì ti rí i láàárọ̀, ṣùgbọ́n ìpàtẹ́wọ́ ni wọ́n gbà á sí, wọn ò gbà á sí àléébù wíwò.

Ó yẹ kí n máa pe alága ní "wọ́n", bí ọmọ tó gba ẹ̀kọ́ ilé. Mo gbìyànjú ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣoṣo ni mo rí nínú agbádá yẹn, àwọn oyè ló pọ̀. Ẹni tí "wọ́n" tọ́ sí nínú ìtàn yìí ń bọ̀ níwájú, kò sì ní oyè kankan.

"Ẹ̀yin ìyá wa," ni alága wí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò wo ojú ìyá kankan, "òní ni ìtàn bẹ̀rẹ̀. Kó tó di òní, àná lásán la ń ṣe!"

Tàjúdéènì pàtẹ́wọ́.

"Nígbà tí bàbá mi kú, wọ́n fi ohun kan sílẹ̀ sínú àgbàlá wa. Kì í ṣe ilé. Kì í ṣe mọ́tò. Ọ̀làjú ni wọ́n fi sílẹ̀! Lábẹ́ páànù àtijọ́ ló wà láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Ẹ ṣí aṣọ lórí ẹ̀!"

Lọ́rì kan ti tẹ̀lé jíípù náà wọlé. Wọ́n fa tapólì kúrò lórí ẹrù rẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ jẹ́ irin kan tó sanra, ìpẹtà ti bò ó láti òkè délẹ̀. Àgbá irin ńlá wà lápá ọ̀tún, òmíràn wà lápá òsì, àpótí omi wà lórí, ihò èéfín sì yọ sókè bí ọrùn ìgò. Aláǹgbá kan jáde nínú ihò èéfín náà, ó mi orí sí alága, ó wọlé padà.

Ìyá Jọkẹ́ ni àgbà gbogbo àwọn obìnrin ṣẹ́ẹ̀dì náà. Wọ́n gbé ọ̀bẹ sílẹ̀, wọ́n nu ọwọ́ sára ìró, wọ́n sún mọ́ lọ́rì náà pẹ́kípẹ́kí, nítorí ojú wọn kì í ríran jìnnà mọ́.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ọmọ mi," ni wọ́n wí. "Ẹ́ńjìnì gàrí lèyí."

Ọwọ́ Tàjúdéènì dúró sí òfuurufú. Kò mọ̀ bóyá kó pa á pọ̀ tàbí kó sọ ọ́ kalẹ̀.

"Kí lẹ pè é, màmá?"

"Ẹ́ńjìnì gàrí. Irú ẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ wa nígbà tí mo jẹ́ ìyàwó tuntun, nígbà tí gbogbo ibí yìí jẹ́ oko obì. Òyìnbó olóko kan ló tà á fún wa, tòkúnbọ̀ ni. Amúkùn-ún-ò-jókòó là ń pè é, torí ó máa ń tiro bó bá ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kì í sinmi. Ikú omi ló pa tiwa. Ó jábọ́ sínú odò Ògùn nígbà tí wọ́n ń gbé e lọ tún ṣe. Ẹni ire ni. Èyí kàn jọ ọ́ ni."

"Màmá, ọ̀làjú lẹ ń wò, ẹ ń pè é ní ẹ́ńjìnì gàrí!"

Kaothar, tó ń bó ẹ̀gẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyá Jọkẹ́, dá sí i. Ẹnu obìnrin yìí mú ju ọ̀bẹ ọwọ́ rẹ̀ lọ. "Alága, ẹ má bínú sí màmá. Ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì. Àwa tójú wa ṣì dá ṣáṣá la rí i dáadáa pé ẹ́ńjìnì gàrí ni."

Inú bí alága. Ó kó apá agbádá sókè, ó ka àṣẹ rẹ̀ lójúkan náà: wọn yóò tún ẹ̀rọ náà ṣe títí yóò fi fọhùn, Kọmíṣọ́nnà yóò wá láti Aláúsá wá ṣí i, orí ilẹ̀ ṣẹ́ẹ̀dì yìí gan-an ni wọn yóò sì kọ́ Gbọ̀ngàn Ìrántí Ìdílé Adésànyà sí. Lọ́jọ́ ìṣíde, bí wọ́n bá ti já ríbọ́nnì, katapílà yóò wó ṣẹ́ẹ̀dì.

"Níbo la ó ti máa rin ẹ̀gẹ́ wa?" ni Ìyá Jọkẹ́ bèèrè.

"Ẹ máa rin ín nílé yín."

"Alága, yàrá kan ni mo ní," ni Kaothar wí. "Èmi, ọkọ mi, àwọn ọmọ, gbogbo wa la wà níbẹ̀. Ṣé orí àyà ọkọ mi ni kí n gbé agbada gàrí kà ni?"

Alága ti wọ mọ́tò. Sírénì tún ké, ó sì gbé e padà sí ọ́fíìsì tí gbogbo wọn ń rí láti ibi tí wọ́n dúró sí.

Kó tó di alẹ́, ìwé ti jáde. Òṣìṣẹ́ kankan kò gbọdọ̀ dárúkọ gàrí mọ́ nínú ọgbà ìjọba ìdàgbàsókè náà títí ìṣíde yóò fi kọjá, kí ẹ̀tẹ́ má baà bá ẹ̀rọ. Ẹni tó bá pọn dandan fún láti mẹ́nu bà á, kó pè é ní "ohun jíjẹ tí a ń fi omi tútù mu". Lọ́jọ́ kejì, akọ̀wé kan lọ síwájú ìyá olóúnjẹ lọ́sàn-án, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ní, "Ẹ bá mi bu ohun jíjẹ tí a ń fi omi tútù mu, ẹ da ẹ̀pà sí i."

"Gàrí àbí?" ni ìyá olóúnjẹ fi ohùn òkè bèèrè.

Akọ̀wé náà fi owó sílẹ̀, ó sá lọ láìjẹun.

Ohun tó kàn ni Ìgbìmọ̀ Ìdánimọ̀ Ẹ̀rọ. Alága ló yan gbogbo wọn, inú gbọ̀ngàn tó ní ẹ̀rọ amúlétutù ni wọ́n sì ti jókòó, nígbà tí ẹ̀rọ tí wọ́n fẹ́ dá mọ̀ wà níta nínú oòrùn. Ọmọ ìgbìmọ̀ kan ní ẹ́ńjìnì réluwéè ni, torí ẹ̀yìn réluwéè ni wọ́n wà. Èkejì ní ẹ́ńjìnì bàálù ni, torí Ìkẹjà ni pápákọ̀ òfuurufú wà. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì kan wà láàárín wọn, Ọ̀gbẹ́ni Àjíṣọlá. Ó yọ fóònù rẹ̀, ó fi àwòrán kan hàn wọ́n.

"Ẹ wò ó, ẹ̀rọ oko ni," ló wí. "Wọ́n á kàn án mọ́lẹ̀ sójú kan, wọ́n á fi bẹ́líìtì so ó mọ́ ohunkóhun tó bá wù wọ́n. Ó lè fa omi. Ó lè lọ àgbàdo. Ó lè rin..."

Gbogbo ìgbìmọ̀ wú ikọ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ó lè rin kí ni, Tíṣà?" ni alága bèèrè.

Ọ̀gbẹ́ni Àjíṣọlá ronú nípa owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ tí wọn kò tíì san. "Ó lè rìn jìnnà, sà," ló wí, ó sì kó fóònù sápò.

Alága wá parí ọ̀rọ̀. Ó ní òun ti ronú jinlẹ̀, ẹ̀rọ tó kọ́kọ́ tan iná mànàmáná fún Ìkẹjà ni. Bàbá bàbá òun ló gbé e láti èbúté Apapa wá.

"Kí ni wọ́n fi gbé e, sà?"

"Orí ni wọ́n fi gbé e."

"Orí ni!" ni Tàjúdéènì kígbe, ó pa àtẹ́wọ́ onípele mẹ́ta, èyí tó máa ń tọ́jú pamọ́ de ọjọ́ ìdìbò. Nígbà tí wọ́n tún ìtàn náà sọ fún àwọn oníròyìn, ọwọ́ kan ṣoṣo ni bàbá àgbà fi gbé ẹ̀rọ náà. Kó tó di òpin ọ̀sẹ̀, bàbá àgbà ti ń fi ọwọ́ kejì jẹ àgbàdo sísun bọ̀ lọ́nà.

Ẹni tí wọ́n gbé iṣẹ́ àtúnṣe fún ni Dàwódù, mẹkáníìkì ẹ́ńjìnì tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ ní Ọ̀gbà. Ẹ má retí oníwà pẹ̀lẹ́. Dàwódù kò pẹ̀lẹ́ rárá. Ó kọ ọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pé ÒKÚ Ń JÍ NÍBÍ, nígbà tí lémọ́ọ̀mù wá fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn, ó fi "ẸŃJÌNÌ" há a láàárín, síbẹ̀ ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí kò sẹ́ni tó ń rí i.

"Alága, ẹ́ńjìnì tí mo bá fọwọ́ kàn tí kò bá jí," ló wí, "ẹ lọ sin ín. Ẹ pè mí síbi sàráà ẹ̀."

Ẹ ò ní fẹ́ gbọ́ bí iṣẹ́ náà ti rí, ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn ẹ̀, n ó sọ díẹ̀. Písítìnnì ti gan mọ́nú ilé rẹ̀. Dàwódù da dísù lé e, ó fi í sílẹ̀ kó mu ún, ó ń fi igi lù ú jẹ́jẹ́ lárààárọ̀ bí ẹni tó ń kanlẹ̀kùn àna, títí ọjọ́ kan tó fi mì. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ìpẹtà. Ó kó ìtẹ́ eku kúrò nínú táǹkì. Ó gé páálí, ó fi ṣe gásíkẹ́ẹ̀tì tó ń dí àlàfo àárín irin. Ó kó aláǹgbá kúrò nínú ihò èéfín, aláǹgbá padà wá. Nígbà tí ó tó àkókò, ó da omi sínú àpótí orí rẹ̀, ó di ọwọ́ irin mú, ó yí i, ó yí i, òógùn bò ó. Alága àti Tàjúdéènì dúró lókèèrè, wọ́n fi ìka dí etí.

Ẹ̀rọ náà wú ikọ́. Ó wí pé pọ̀. Ó tún wí pé pọ̀. Lẹ́yìn náà ni ó gbọ̀nà:

Pọ̀, pọ̀, pọ̀-pọ̀, hìn-ìn. Pọ̀, pọ̀, pọ̀-pọ̀, hìn-ìn.

"Ó fọhùn!" Alága fò sókè. Àmì tó wà lára awò rẹ̀ já bọ́ lọ́jọ́ náà.

Ṣùgbọ́n Dàwódù kò fò. Ó fi etí sílẹ̀, ó pa ẹ̀rọ náà, ó ṣí ìdérí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó fi tọ́ọ̀ṣì wò ó. "Amúkùn-ún, ẹrù ẹ wọ́, ó ní ìsàlẹ̀ lẹ ò wò," ló wí. "Ẹ wá wò ó, alága. Gíà kékeré yìí, eyín ẹ̀ kan ti kán. Ó ti kán tipẹ́tipẹ́, ojú ibẹ̀ ti dán. Òun ló jẹ́ kó máa tiro, tó ń mí hìn-ìn yẹn. Ẹ fún mi ní ọjọ́ díẹ̀, mo mọ tọ́ọ̀nà, agbẹ́rin kan, tó máa gbẹ́ òmíràn. Kò ní tiro mọ́."

"Ẹ ò gbọdọ̀ pààrọ̀ nǹkan kan."

"Alága, ẹ́ńjìnì tó ń tiro..."

"Òríjínà ni mo fẹ́! Eyín tó kán yẹn, ìtàn ni. Bàbá bàbá mi mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀. Kì í sì í ṣe títiro. Ìrìn ọlá ni."

"Ìrìn ọlá ni o!" ni Tàjúdéènì wí, ó sì tiro díẹ̀ yí ṣọ́ọ̀bù ká kí wọ́n lè rí ọlá náà.

Dàwódù dé ìdérí padà. "Ẹ̀yin lẹ ni ẹ́ńjìnì yín. Bí ẹ bá ní kí n fún un ní ẹ̀kọ mu, mo ṣe tán."

Wọ́n wá fi ọ̀dà aláwọ̀ wúrà kun ún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi eyín yẹn sọ́kàn. Ẹnu ara wọn ló máa ń pa ọ̀pọ̀ ẹni ńlá. Ti alága wa, eyín ẹ̀rọ tí kò jẹ́ kí wọ́n pààrọ̀ ni.

Ó ku pátákó. Alága fẹ́ kí wọ́n rì í mọ́ iwájú ṣẹ́ẹ̀dì, kí àwọn kánsílọ̀ sì da ohun tó bá wà lára rẹ̀ kọ sínú òfin láìyọ ọ̀rọ̀ kan, kí ẹnikẹ́ni má baà jiyàn lọ́jọ́ iwájú. Ohun tó ní kí wọ́n kọ ni pé nípa àṣẹ òun, ilẹ̀ náà ti di ti ìdílé Adésànyà, àwọn tó ni ẹ̀rọ náà, títí láé. Ọkùnrin tó ń kọ pátákó bẹ̀rẹ̀ láti òkè, pẹ̀lú oyè. Ó kọ Olóyè. Ó kọ Ẹnjinía. Ó kọ Dókítà. Ó kọ Àlàájì, ó kọ Jéèpíì, ó kọ Baba Ìsàlẹ̀ ibí, Aṣíwájú ọ̀hún. Nígbà tó máa fi dé orúkọ, pátákó ti ń tán lọ. Ó sáré lọ bèèrè ohun tí òun lè yọ kúrò.

"Ẹ ò gbọdọ̀ yọ oyè kankan!" ni alága jágbe. "Ẹ yọ ohun tí gbogbo ayé ti mọ̀."

Ọkùnrin náà padà, ó ro ohun tí gbogbo ayé ti mọ̀, ó yọ "ìdílé Adésànyà". Lábẹ́ oyè gbogbo, ó wá fi lẹ́tà kékeré kọ ọ́ pé: ILẸ̀ YÌÍ TI DI TI ÀWỌN TÓ NI Ẹ̀RỌ YÌÍ TÍTÍ LÁÉ. Àwọn kánsílọ̀ dà á kọ, wọ́n bu ọwọ́ lù ú, alága náà bu ọwọ́ lù ú. Kò sẹ́ni tó kà á dé ìsàlẹ̀, torí oúnjẹ ti dé.

Tàjúdéènì náà mú àbá tirẹ̀ wá. Ó ní ayẹyẹ tí kò sí arúgbó níbẹ̀, bí ọbẹ̀ tí kò níyọ̀ ni. Kí wọ́n rán bọ́ọ̀sì káàkiri, sí Agége, sí Ìjù, dé Onígbòǹgbò, kí wọ́n kó àwọn ìyá àgbà wá, kí irun funfun wọn lè bá wúrà ara ẹ̀rọ mu nínú fọ́tò. Alága gbá a mọ́ra. Ó ní irú ọgbọ́n báyìí ni ìjọba òun ń fẹ́.

Lọ́jọ́ ìṣíde, kánópì bo iwájú ṣẹ́ẹ̀dì. Àwọn ìyá àgbà jókòó kún ìlà mẹ́ta, ọ̀pọ̀ wọn kò mọ ìdí tí wọ́n fi gbé wọn wá, ṣùgbọ́n wọ́n ti fún wọn ní omi tútù. Ẹ̀rọ aláwọ̀ wúrà wà lórí pèpéle, ríbọ́nnì yí i ká. Katapílà dúró lẹ́yìn ṣẹ́ẹ̀dì, dírẹ́bà rẹ̀ ń jẹ búrẹ́dì níbẹ̀. Ní abẹ́ ṣẹ́ẹ̀dì, Ìyá Jọkẹ́ ti ní kí wọ́n kó agbada àti ìkòkò jọ. Wọ́n ń fi okùn di àwọn àpò òfìfo pọ̀.

Gbogbo ojú wà lójú ọ̀nà, wọ́n ń retí sírénì Kọmíṣọ́nnà. Láàárín ìyẹn, Tàjúdéènì rí obìnrin kan tó wọ àǹkárá lásán, tó jókòó sẹ́yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kaothar.

"Àǹtí, ẹ dìde níbẹ̀ jọ̀ọ́. Àga àlejò pàtàkì ni."

"Àlejò wo?"

"Kọmíṣọ́nnà."

"Èmi náà ni," ni obìnrin náà wí.

Tàjúdéènì pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ rẹ̀ fi pọ́n.

Alága gba máìkì. N kò lè kọ gbogbo ohun tó sọ, ìwé wọ́n. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ó gba èbúté Apapa kọjá, bàbá bàbá rẹ̀ ń jẹ àgbàdo bọ̀. Nígbà tí ọmọ ọwọ́ mẹ́ta ti sùn, ó dé orí ẹ̀rọ.

"Ẹ̀rọ yìí kò tíì sún kúrò nínú àgbàlá wa láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e dé! Omi odò kò kàn án rí! Ohùn ẹ̀, ìdílé wa nìkan ló mọ̀ ọ́n! Ẹ jẹ́ kó fúnra ẹ̀ jẹ́rìí. Bó bá fọhùn lónìí, ẹni tó bá mọ ohùn ẹ̀ ló ni ín!"

"Ẹni tó bá mọ ohùn ẹ̀!" ni Tàjúdéènì gbè é.

Alága lọ dúró ti ẹ̀rọ náà fún fọ́tò. Kaothar pariwo láti ẹ̀yìn pé, "Alága, a kì í wọ agbádá dúró ti ẹ́ńjìnì! Ẹ bọ́ ọ!" Ohun tí wọ́n fi ń kọ́ gbogbo ọmọdé ní ṣẹ́ẹ̀dì nìyẹn. Alága kò tilẹ̀ yíjú. Dàwódù bá yí ọwọ́ irin. Ẹ̀rọ náà wú ikọ́ kan ṣoṣo, ó tu gbogbo èédú ọ̀fun rẹ̀ àti ìtẹ́ aláǹgbá sí alága lójú àti sára lẹ́ẹ̀sì funfun náà, títí dé orúnkún. Lẹ́yìn náà ló gbọ̀nà.

Pọ̀, pọ̀, pọ̀-pọ̀, hìn-ìn.

Ní ìlà àkọ́kọ́, ìyá àgbà kan tí wọ́n gbé wá láti Onígbòǹgbò gbé orí sókè. Ó gbé ike omi sílẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rọ dé ibi ìmí rẹ̀, òun náà wí pé, "Hìn-ìn!"

Ní ìkángun kejì, ìyá mìíràn tó wá láti Ìjù dáhùn, "Hìn-ìn!"

Àwọn méjèèjì kò tíì ríra wọn láti àárọ̀. Wọ́n yí ọrùn, wọ́n wo ara wọn. Ìgbà náà ni ohùn kan ti abẹ́ ṣẹ́ẹ̀dì jáde. Ìyá Jọkẹ́ ni. Àpò gàrí ṣì wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n pa ojú dé, orin náà sì wọ ẹsẹ̀ ẹ̀rọ náà bí ọwọ́ ṣe ń wọ ìbọ̀wọ́:

*Ẹ̀gẹ́ wọlé, ẹ̀gẹ́ jáde,*
*Hìn-ìn!*
*Ọkọ lè kọ̀, ẹ̀rọ ò kọ̀,*
*Hìn-ìn!*
*Amúkùn-ún wa kò ní jókòó,*
*Hìn-ìn!*

Ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló gbè é. Àwọn tó mọ̀ ọ́n mọ̀ ọ́n dé ìdí, wọ́n ń ju ọwọ́ bí ẹni ń ti ẹ̀gẹ́ sẹ́nu ẹ̀rọ. Kò sí èyí tó ṣi ibi ìmí náà mú.

Kọmíṣọ́nnà dìde, ó lọ bá ìyá ará Onígbòǹgbò. "Màmá, níbo lẹ ti mọ orin yìí?"

"Ní oko obì, lẹ́nu Amúkùn-ún-ò-jókòó. Ẹ́ńjìnì ẹgbẹ́ wa ni. Ìgbà tí mo gbọ́ ọ gbẹ̀yìn, mo gbé àkọ́bí mi pọ̀n." Ó na ìka sí Ìyá Jọkẹ́. "Àbí ìwọ kọ́, ìyàwó dúdú ìgbà náà?"

"Èmi ni," ni Ìyá Jọkẹ́ wí. Wọ́n ti dé iwájú pèpéle. Wọ́n gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ara àpótí omi náà, bí a ṣe ń gbọ́wọ́ lé iwájú orí ọmọ tó ṣàìsàn. "Wọ́n ní ó wà lódò."

"Ta ló ní ó wà lódò?" ni Kọmíṣọ́nnà bèèrè.

"Akápò ẹgbẹ́ wa ni. Òun ló ní òun ń gbé e lọ tún ṣe l'Abẹ́òkúta. Ó sunkún padà wá, ó ní ó ti bọ́ sínú odò Ògùn. Àwa náà sunkún. A gbé àgbébọ̀ adìẹ lọ fi bá a kẹ́dùn."

"Kí lorúkọ akápò yín?"

Ìyá Jọkẹ́ wo alága. Ó dà bíi pé ó wù wọ́n kí ẹlòmíràn bá wọn dáhùn. "Bàbá Olúgbénró," ni wọ́n wí.

Kaothar ti gun orí bẹ́ǹṣì. "Alága! Ṣé odò Ògùn ló ṣàn gba àgbàlá yín ni?"

Alága yọ awò. Ibi tí awò bò lójú rẹ̀ nìkan ni èédú kò kàn. Ẹ jẹ́ kí n má parọ́ mọ́ ọn: kò mọ̀. Ohun tí wọ́n sọ fún un ní kékeré ló gbàgbọ́. Bó bá jẹ́ pé ó fi ẹ̀rọ náà sílẹ̀ sábẹ́ páànù ni, kò sẹ́ni tí ì bá mọ̀ láéláé.

"Bóyá..." ló wí, "bóyá ẹ̀rọ náà... wẹ̀ jáde."

"Ẹ̀rọ tó mọ odò wẹ̀!" ni Tàjúdéènì kígbe. Òun nìkan ló pàtẹ́wọ́. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó kó ọwọ́ méjèèjì sápò.

Kọmíṣọ́nnà ti dúró níwájú pátákó. Ó kà á sókè ketekete. Oyè náà pẹ́ kó tó tán, bó sì ti ń gùn sí i ni kò dùn gbọ́ mọ́. Nígbà tó dé ìsàlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, nítorí lẹ́tà ibẹ̀ kéré. "Ilẹ̀ yìí ti di ti àwọn tó ni ẹ̀rọ yìí títí láé." Ó nàró. "Ó ti wà nínú òfin bẹ́ẹ̀, alága?"

"Ó ti wà níbẹ̀."

"Ẹ̀yin lẹ bu ọwọ́ lù ú?"

"Èmi ni."

"Ẹ sì ní ẹni tó bá mọ ohùn ẹ̀ ló ni ín. Ó dáa bẹ́ẹ̀. N kò ní ohun tí mo fẹ́ fi kún un." Ó juwọ́ sí dírẹ́bà katapílà pé kó máa lọ sílé. "Ẹ yọjú sí wa l'Aláúsá lọ́la, alága, ẹ wá ṣàlàyé ara yín. Ẹ má gbé sírénì wá. Àwọn ènìyàn ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀."

Wọ́n gbé sísọ́ọ̀sì fún Ìyá Jọkẹ́ pé kí wọ́n já ríbọ́nnì. Wọn kò já a. Wọ́n rọra tú u, wọ́n ká a jọ, wọ́n tì í bọ kókó ìró wọn, torí yóò dára fún dídi ẹnu àpò gàrí. Àwọn obìnrin ti ń tú agbada tí wọ́n dì kalẹ̀. Kaothar ń bá Dàwódù pariwo pé níbo ni bẹ́líìtì wà, ẹ̀gẹ́ ń bàjẹ́ lọ. Tàjúdéènì sì ti wà láàárín àwọn ìyá àgbà, ó ń pàtẹ́wọ́ fún wọn, onípele mẹ́ta.

Alága nìkan ló kù lórí pèpéle. Ìyá Jọkẹ́ rí i. Wọ́n bu gàrí sínú àwo kan, wọ́n da omi tútù sí i, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì gbé e lọ bá a.

"Ọmọ Akápò," ni wọ́n wí, "ẹ ti sọ̀rọ̀ púpọ̀ lónìí. Ẹ mu gàrí."

Alága wo àwo náà. Ó la ẹnu. Gbogbo ènìyàn ń retí ọ̀rọ̀, nítorí kò sí ibi tó ti dìde rí tí kò sọ̀rọ̀. Ó pa ẹnu dé. Ó sọ̀kalẹ̀. Jíípù wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n dírẹ́bà rẹ̀ ń bá àwọn ìyá àgbà jó. Apá agbádá ọ̀tún já bọ́ ní èjìká rẹ̀, kò kó o mọ́. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ojú irin lọ. Ẹ̀rọ náà ń wí pé pọ̀, pọ̀, pọ̀-pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń tẹ̀lé e láìmọ̀. Bó bá ti dé ibi ìmí náà, yóò dúró díẹ̀. Lẹ́yìn náà yóò tún máa lọ.